Báípọ́ọ̀dù, ìtàpá ìbọn àti kọnkéré: kí ló ń gbé ọta mi gòkè?

#1 · Ọmọ Ọ̀sà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì ni mo ń lò, 5.5 mm, irú èyí tí wọ́n máa ń ká lọ́rùn kí wọ́n tó ki ọta sí i. Ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 3.4, awò tí mo fi ń fojú sun àmì lórí rẹ̀ sì jẹ́ 4-12, ìyẹn ni pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ rèé. Ní 30 mítà, bí mo bá dọ̀bálẹ̀, tí mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì sórí àpò yanrìn, tí mo wá gbé ìbọn lé àtẹ́lẹwọ́ náà, ọta márùn-ún á kó sí ibi tí ìdérí ìgò mínírà lè bò. Mo ra báípọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ méjì tó ń gbé iwájú ìbọn dúró, mo dè é mọ́ abẹ́ igi ìbọn, mo gbé e sórí kọnkéré ẹ̀yìnkùlé. Ọta gòkè tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, wọ́n sì fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Mo yí awò títí, wọn ò kó jọ. Lórí koríko ó sàn díẹ̀, àmọ́ kò tíì dáa.

Ìbéèrè kejì: lọ́dún tó ń bọ̀ mo ń lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní South Africa. Ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ máa ń fi ìbọn ọlọ́ta gidi, èyí tó ń fi ẹ̀tù ró, yin àmì irin láti 800 mítà, nígbà mìíràn lórí ilẹ̀, nígbà mìíràn lórí táyà tàbí àkàbà. Ṣé ohun tí mo bá fi ìbọn afẹ́fẹ́ yìí kọ́ á wúlò fún mi níbẹ̀?

#2 · Káfíńtà Ìbọn (Ìkòròdú)

Àbúrò, awò kọ́ ló jẹ̀bi. Dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí o tó gbàgbé iye ìgbà tí o yí i.

Nínú gbogbo ìbọn, onísípíríǹgì ló ṣòro jù láti gbé lé nǹkan, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló ń tàpá. Bí tírígà bá ti tú písítìn sílẹ̀, písítìn tó tó gíráàmù 250 yẹn á sáré síwájú bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án, ara ìbọn á sì sún sẹ́yìn. Kí písítìn tó dé ògiri iwájú, afẹ́fẹ́ tó ti fún pọ̀ níbẹ̀ á gbá a padà, ni ìbọn bá tún já síwájú. Ìgbà tí ọta fi máa jáde, bí ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn tí tírígà tú, ìbọn fúnra rẹ̀ ti rin tó mìlímítà mẹ́fà. Ọta ṣì wà nínú ọ̀pá nígbà tí gbogbo ìjà yìí ń lọ lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀pá bá kọjú sí lójú ẹsẹ̀ tó ń jáde ni ọta ń lọ, kì í ṣe ibi tí o fojú sùn kí o tó fa tírígà.

Àtẹ́lẹwọ́ rọ̀, ó sì ń yọ̀. Ó ń jẹ́ kí ìbọn rìn, ó sì ń jẹ́ kó rìn bákan náà ní gbogbo ìgbà. Rọ́bà ẹsẹ̀ báípọ́ọ̀dù lórí kọnkéré ń dì í mú. Ìbọn tí wọn ò jẹ́ kó lọ sẹ́yìn, òkè ló máa fò sí, kúrò lára ohun tó le. Ìyẹn ló gbé ọta rẹ gòkè. Fífọ́n tó ń fọ́n ká ní tiẹ̀, torí pé rọ́bà yẹn kì í di kọnkéré mú bákan náà lẹ́ẹ̀mejì ni: eruku díẹ̀, ó yọ̀, kò sí eruku, ó dúró.

Fún ìbọn yìí, tú báípọ́ọ̀dù kúrò. Wá ibi tí ìbọn ti dọ́gba bí o bá gbé e lé ìka kan, lẹ téèpù síbẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ má kúrò lórí téèpù yẹn mọ́. Bí o bá sún ọwọ́ sẹ̀ǹtímítà méjì síwájú, ojú ibi tí ọta ń bà á yí padà. Má fi àtàǹpàkò yí ọrùn igi ìbọn ká. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà pẹ̀lú ìka ìfàyìn. Ìdí ìbọn kàn fara kan èjìká lásán ni, má fà á mọ́ra.

Wo awò yẹn náà dáadáa. Jíjá síwájú tí mo sọ yẹn máa ń tú inú awò tí wọn ò ṣe fún ìbọn sípíríǹgì, àní èyí tó ń gba ìtàpá ìbọn ńlá láìmira, torí ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ṣe é láti gbà.

#3 · Ọmọ Àgbọn (Àgbádárìgì)

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kú àlàyé. Ọ̀rọ̀ tí kò ju gbólóhùn kan lọ lẹ sọ di àlọ́. Ìbọn tó bá ń tàpá, ẹ dì í mú! Ẹ lọ wo àwọn ọdẹ bí wọ́n ṣe ń fún ṣakabùlà mọ́ èjìká. Ẹni tó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, eyín ló máa kà nílẹ̀.

#4 · Káfíńtà Ìbọn (Ìkòròdú)

Ẹ̀gbọ́n, ti ṣakabùlà yàtọ̀, òótọ́ lẹ sọ nípa eyín. Ọta wẹ́wẹ́ ló ń tú jáde lápapọ̀, sí ẹran tó wà ní ìwọ̀n igi mélòó kan. Bí ẹnu ìbọn bá fò ní sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹran ò ní mọ̀. Ẹni tó ń wá ojú ihò ìdérí ìgò ní 30 mítà kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mímú gírígírí, iṣan ara kì í fún nǹkan mọ́lẹ̀ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọta àkọ́kọ́, ọwọ́ le. Ọta kẹrin, ó ti rẹ ọwọ́. Ọta kẹfà, ó ń gbọ̀n. Ìtàpá kan náà á bá ara mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pàdé. Mímú tó rọ̀ rọrùn láti tún ṣe.

#5 · Ẹ̀pẹ́ Dé Texas

Ẹ jẹ́ n mú ti ìbọn ọlọ́ta wá, torí ibẹ̀ ni Ọmọ Ọ̀sà ń lọ. Ìtàpá tiẹ̀ rọrùn láti lóye ju ti sípíríǹgì lọ: ẹ̀yìn nìkan ló mọ̀.

Ẹ mú ọta gíráàmù 9.1 tó ń jáde ní 820 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, pẹ̀lú ẹ̀tù gíráàmù 2.7. Nínú ìbọn kìlógíráàmù 5.5, ìbọn á padà sẹ́yìn ní bíi mítà méjì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, agbára rẹ̀ á tó júùlù mẹ́wàá. Gbé ọta àti ẹ̀tù kan náà sínú ìbọn kìlógíráàmù mẹ́jọ, ó di mítà 1.3 àti júùlù méje. Ìwúwo ni oògùn ìtàpá àkọ́kọ́. Ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń fi òté lé e nìyẹn: nínú F-Class, ìdíje ìbọn yíyìn láti ọ̀nà jíjìn lórí ìdọ̀bálẹ̀, apá F-TR tí wọ́n ti ń lo báípọ́ọ̀dù, ìbọn àti báípọ́ọ̀dù pọ̀ kò gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 8.25 lọ, ọta .223 tàbí .308 (orúkọ ìwọ̀n ọta) nìkan; apá Open gba kìlógíráàmù mẹ́wàá.

Kí ọta irú ìbọn yìí tó jáde, kò gbà ju ìdá kan tàbí méjì nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ìbọn á ti sún bíi mìlímítà kan péré. Mìlímítà kan yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bó bá lọ tààrà sẹ́yìn, ọta dé ibi tí o fẹ́. Bí ara rẹ bá wọ́ ọ sápá kan, ó ti bàjẹ́.

Torí náà, kí egungun ẹ̀yìn rẹ àti ọ̀pá ìbọn wà lórí ìlà kan. Ìdọ̀bálẹ̀ àtijọ́ tí ara máa ń yà sápá òsì, ti ìbọn tí wọ́n fi okùn awọ so mọ́ apá ni, kì í ṣe ti báípọ́ọ̀dù. Ìdí ìbọn ń wọ inú, súnmọ́ egungun ọrùn, kì í ṣe orí ìṣù èjìká. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún yìn tí ara rẹ̀ yà sí òsì, báípọ́ọ̀dù rẹ̀ sábà máa ń fò sí òsì. Lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, má gbójú kúrò: ibo ni àgbélébùú inú awò bà sí? Bó bá gòkè tààrà tó sì padà síbi tó wà, ara rẹ tọ́. Bó bá balẹ̀ sápá kan, má fi ọwọ́ wọ́ ọ padà. Gbé ìbàdí rẹ sún.

Ohun mìíràn tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n fi àyà ti báípọ́ọ̀dù síwájú díẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ní ìmira mọ́ kí ìbọn tó ró. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣejù. Tì í bí ìgbà tí o ń ti ilẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe bí ẹni ń ti dánfó tó kú sójú títì. Bí o bá tì í jù, rọ́bà á yọ̀ lójijì nígbà tí tírígà ń bọ̀, tàbí ẹsẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, á sì ta padà bí ìbọn bá ró. Ìka ẹsẹ̀ ni agbára ti ń wá, kó gba àyà bọ́ sí ìdí ìbọn. Ọrùn kọ́, apá kọ́.

Kọnkéré burú fún ìbọn ọlọ́ta náà, àmọ́ ìwòsàn rẹ̀ kò wọ́n: kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tàbí àpò ìdọ̀họ tí wọ́n ká sí méjì, lábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì. Lórí ilẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ onímú ṣóńṣó ló dáa. Lórí yanrìn etí ọ̀sà, méjèèjì á rì. Wá pákó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, tó sì fẹ̀ tó 30, kan igi pẹlẹbẹ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ mọ́ etí iwájú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ báípọ́ọ̀dù rí nǹkan fi tì.

Kí báípọ́ọ̀dù náà sì rẹlẹ̀ tó bó bá ti lè rẹlẹ̀ tó. Báípọ́ọ̀dù 15 sí 23 sẹ̀ǹtímítà tó fún ìdọ̀bálẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń gùn sí i ni ẹnu ìbọn ń fò sí i.

#6 · Ọmọ Ọ̀sà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti tú báípọ́ọ̀dù kúrò lára ti sípíríǹgì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìbọn afẹ́fẹ́ oníjàlá, èyí tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ sí bí ẹni rọ táyà, ó ní mo lè fi báípọ́ọ̀dù kọ́ṣẹ́ lórí tiẹ̀ níṣojú òun. Ṣé kò burú? Kí ni mo sì máa fi sábẹ́ ìdí ìbọn? Ìkúùkù ni mò ń lò, ó ń gbọ̀n.

#7 · Ẹ̀pẹ́ Dé Texas

Kò burú rárá, òun gan-an ló yẹ. Kò ní písítìn tó ń sáré, ìtàpá rẹ̀ kò ju kí èèyàn fi ìka kàn án lọ. Báípọ́ọ̀dù á bá a mu, gbogbo àṣìṣe ara rẹ á sì hàn nínú awò láìsí ariwo tó ń dẹ́rù bà ọ́. Fún abẹ́ ìdí ìbọn, Telọ ń bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

#8 · Telọ Ìjẹ̀dẹ̀ (Ìkòròdú)

Mo ti dé. Ẹ má ra àpò ẹ̀yìn, èyí tó ń wà lábẹ́ ìdí ìbọn, lókè òkun, ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti wákàtí kan ló ń jẹ.

Àpò méjì ni, ọ̀kan nínú èkejì. Ti inú, tapólì tó rọ̀ tàbí aṣọ agbòjò àtijọ́, kí yanrìn má jò. Ti òde, jíǹsì tó nípọn tàbí kánfáàsì. Bó bá parí, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kó fẹ̀ tó 13, kó ga tó 10. Gé aṣọ kó fi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní etí gbogbo. Òwú náílọ́ọ̀nù ni kí ẹ fi rán an, ẹ̀ẹ̀mejì lórí ìlà kan náà, torí igun ló máa ń kọ́kọ́ tú. Fi ẹnu tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin sílẹ̀ fún ìdà.

Yanrìn wá. Ti etí òkun Àgbádárìgì ní iyọ̀, ẹ má dà á sí i láìfọ̀. Iyọ̀ ń fa omi, omi ń jẹ irin ìbọn. Yanrìn ọ̀sà tí ọkọ̀ ń gbé fún bíríkìlà dáa. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sẹ́ ẹ, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, ẹ wá yan án nínú agbada gàrí lórí iná díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. (Agbada tí ẹ ò ní fi yan gàrí mọ́ o, kí ìyàwó ilé má lé yín jáde.) Ẹ má dà á kún. Lítà méjì tó, ìyẹn bíi kìlógíráàmù mẹ́ta, ó ku bí ìdá kan nínú mẹ́rin tí kò kún. Àpò tó kún bámú kò ṣeé fún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ẹ lè fún un.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Gbé e sábẹ́ ìdí ìbọn, kó kan igi ìbọn, kó sì kan ilẹ̀. Ọwọ́ òsì mú un. Bí ẹ bá fún un, ìdí ìbọn gòkè, àgbélébùú sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá tú ọwọ́, ó ṣe òdì kejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbélébùú tó ga díẹ̀ ju àmì lọ, kí ẹ fún àpò wálẹ̀ sí i, kí ọwọ́ dúró lórí ìfúnpọ̀ yẹn títí ọta á fi lọ. Ẹ má parí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń tú sílẹ̀, torí ọwọ́ tó ń tú kì í mọ ibi tó máa dúró.

#9 · Ọmọ Àgbọn (Àgbádárìgì)

Ìyá Telọ, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ ti bú iyọ̀ wa, kò burú. Ṣùgbọ́n kìlógíráàmù mẹ́ta wúwo fún ẹni tó ń sáré láti táyà dé àkàbà. Ní ọ̀dọ̀ wa, háríhá àgbọn pọ̀ bí ilẹ̀. Ṣé a ò lè fi ìyẹn kún un? Ó fúyẹ́, kì í tètè jẹrà.

#10 · Telọ Ìjẹ̀dẹ̀ (Ìkòròdú)

Èmi ò bú iyọ̀ yín, bàbá, ọbẹ̀ wa náà ń jẹ ẹ́. Àmọ́ háríhá àgbọn ń ta padà bíi tìmùtìmù. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tún gbé ara sókè. Ohun tó ń gbé ìbọn gbọ́dọ̀ kú síbi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Ìrẹsì náà, kòkòrò á wọ̀ ọ́ kí oṣù méjì tó pé, eku á sì bá a ràn án. Ẹ wá àwọn kóró pílásítíìkì tí wọ́n fi ń yọ́ ike ní ilé iṣẹ́. Kò tó ìdajì ìwọ̀n yanrìn, kì í fa omi, ó sì ń dúró síbi tí wọ́n bá fi í sí. Fún àpò tí wọ́n ń gbé lé ara táyà, ẹ jẹ́ kó tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ ní ìlọ́po méjì, kó má sì kún jù, kó lè gẹṣin, apá kan lápá òsì, apá kan lápá ọ̀tún.

#11 · Ẹ̀pẹ́ Dé Texas

Telọ ti ṣí ọ̀nà fún mi. Lórí táyà, àkàbà, ògiri, báípọ́ọ̀dù kò wúlò púpọ̀. Ẹ ká a sókè. Àpò tó gẹṣin yẹn ló ń gba iṣẹ́ rẹ̀. Wá ibi tí ìbọn ti dọ́gba, bíi ti téèpù Káfíńtà, gbé ibẹ̀ lé àárín àpò. Ìbọn tó dọ́gba lórí àpò á dúró fúnra rẹ̀ bí o bá tú ọwọ́ sílẹ̀. Èyí tí imú rẹ̀ wúwo á máa wá ilẹ̀, ìwọ á sì máa fi èjìká bá a jà.

Ọ̀nà méjì làwọn tó mọ̀ ọ́n ń gbà. Àwọn kan ń jẹ́ kí ìbọn tàpá bó ṣe fẹ́: ìka mẹ́ta lórí ọrùn igi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ fara kàn án díẹ̀, èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ má kàn án. Ìbọn kìlógíráàmù mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí ọta rẹ̀ kéré ni ìyẹn wà fún. Bí o bá fi ìbọn kìlógíráàmù mẹ́rin ọta .308 dán an wò, etí awò á bá ojú rẹ lálejò, wàá sì gbé àpá rẹ̀ dé ilé. Àwọn kejì ń fà á mọ́ èjìká díẹ̀, bí ẹni fa ọmọ mọ́ra, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ òsì tẹ ìbọn mọ́ àpò láti òkè. Èmi fara mọ́ ti kejì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wù kí o mú, má dà wọ́n pọ̀ láàárín ọta mẹ́wàá kan náà. Ojú ibi tí ọta ń bà yàtọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí wàhálà yìí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ní 800 mítà, ọta tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń lò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kó tó dé. Bí ìbọn bá ti farabalẹ̀ kí ìṣẹ́jú-àáyá yẹn tó tán, ìwọ fúnra rẹ á rí eruku tó sọ níbi tó bà, wàá sì ṣàtúnṣe. Míl, ìwọ̀n igun tí wọ́n fi ń yí awò, kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80 níbẹ̀. Bí àgbélébùú bá ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí ọta balẹ̀, ọta kejì di àbá. Aago sì ń lọ: nínú PRS, irú ìdíje táyà àti àkàbà yìí, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tàbí méjì ni wọ́n sábà ń fúnni fún ibùdó kan.

Irin onihò ẹnu ìbọn tó ń pín èéfín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń ràn èèyàn lọ́wọ́ níbí, ó lè dín ìtàpá kù tó ìdajì. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọta ti jáde ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò lè wo mìlímítà kan àkọ́kọ́ yẹn sàn. Ariwo rẹ̀ burú fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ di etí yín ní ẹ̀ẹ̀mejì, èyí tó ń wọnú àti èyí tó ń bo òde. Lórí yanrìn, ẹ da omi sílẹ̀ níwájú ẹnu ìbọn tàbí ẹ tẹ́ àpò tútù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eruku á bo gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rí.

#12 · Káfíńtà Ìbọn (Ìkòròdú)

Kí èèyàn tó dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kó yẹ igi wò. Níbi tí omi yí wa ká yìí, igi ìbọn máa ń wú lásìkò òjò, á sì lọ fara kan ọ̀pá. Ẹ mú owó náírà bébà kan, ẹ ká a yí abẹ́ ọ̀pá, ẹ fà á láti ẹnu igi lọ sẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ kọjá láìdúró. Ẹ tún un ṣe nígbà tí ìbọn wà lórí báípọ́ọ̀dù tí ẹnìkan sì ń ti ìdí rẹ̀ síwájú. Igi oníke tí kò le máa ń tẹ̀ lórí báípọ́ọ̀dù, á kan ọ̀pá ní àsìkò tí ẹ ò fẹ́ gan-an. Bí owó bá há níbẹ̀, ẹ ti rí olè yín. Sáńpéèpà tí wọ́n wé mọ́ igi róbótó ni ẹ máa fi fá a, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi fáníìṣì dí ibi tí ẹ fá kó má tún mu omi.

Síkúrúù tó di ìbọn mọ́ igi: nínú igi gidi, Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí síkúrúù) 4 sí 5; nínú irin alumíníọ̀mù, bíi 7. Ti òrùka awò kò ju Nm 2 lọ, ẹni tó bá fi agbára mẹkáníìkì yí i á fún awò lọ́rùn. Báípọ́ọ̀dù náà, ẹ mì ín: bó bá ń mira níbi tó ti so mọ́ igi, kò sí títì síwájú tó lè wò ó sàn.

Àti títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ kì í tẹ́jú, báípọ́ọ̀dù tó ń yí ló yẹ, kí ẹ dè é nígbà tí àgbélébùú bá dúró ṣánṣán. Fún 30 mítà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ní 800 mítà, tí ẹ ti gbé awò sókè ní bíi míl 6.5, ìbọn tó tẹ̀ ní dígírì márùn-ún péré á gbé ọta lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 45, síhà ibi tó tẹ̀ sí. Ẹ óò máa bú afẹ́fẹ́ lásán. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré, irú ti bíríkìlà, wà tí wọ́n ń so mọ́ awò.

#13 · Ọmọ Ọ̀sà (Ẹ̀pẹ́)

Àbọ̀ rèé. Sípíríǹgì láìsí báípọ́ọ̀dù, ọwọ́ lórí téèpù: ọta mẹ́wàá ní 30 mítà, mẹ́sàn-án wà lábẹ́ ìdérí ìgò, ẹ̀kẹwàá fara kan etí rẹ̀. Oníjàlá ti ọ̀rẹ́ mi, lórí báípọ́ọ̀dù, àpò ìdọ̀họ lórí kọnkéré, àpò Ìyá Telọ lẹ́yìn: ní 50 mítà ihò márùn-ún wọnú ara wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn wà lápá òsì ní sẹ̀ǹtímítà méjì. Mo ti wo ìdè, mo ti fa owó náírà, ó kọjá. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Kí n yí awò ni?

#14 · Ẹ̀pẹ́ Dé Texas

Má tíì fọwọ́ kan awò. Dọ̀bálẹ̀, to ara rẹ, fi àgbélébùú sójú àmì. Di ojú, mí ẹ̀ẹ̀mejì, tú gbogbo iṣan sílẹ̀, la ojú. Bí àgbélébùú bá ti sún sí òsì, ara rẹ ló ń kọjú síbẹ̀, iwọ lo wá ń fi iṣan wọ́ ọ padà sọ́tùn-ún. Nígbà tí tírígà bá tú, iṣan tú pẹ̀lú rẹ̀. Di ibi báípọ́ọ̀dù mú, gbé ìbàdí sún títí ojú tí o là á fi bá àmì níbi tí o fi í sí. Wo ìka ìfàyìn náà, kó tẹ̀ ní igun tó tọ́, kó fa tírígà tààrà sẹ́yìn, kó má ti ẹ̀gbẹ́ igi. Bó bá ti fà á, kó dì í mú síbẹ̀ títí awò á fi dákẹ́.

Bí gbogbo èyí bá tọ́ tó ṣì wà lápá òsì, tí ihò sì kó jọ, ìgbà yẹn lo lè yí awò.

#15 · Káfíńtà Ìbọn (Ìkòròdú)

Àti ìbéèrè kan, àbúrò: kí ló wà lẹ́yìn àmì rẹ? Ẹ̀yìnkùlé Ẹ̀pẹ́ tí mo mọ̀, ọ̀sà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi kì í gbé ọta mì, ó ń ta á padà ni, àwọn apẹja sì wà lójú omi. Ọta oníjàlá 5.5 mm ń kọjá 200 mítà dáadáa.

#16 · Ọmọ Ọ̀sà (Ẹ̀pẹ́)

Òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó ga jù mí lọ ni, ẹ̀gbọ́n, ọ̀sà wà lẹ́yìn mi. Mo di ojú bí ẹ ṣe wí, mo là á: àgbélébùú ti lọ sí òsì ìwọ̀n ìka kan lójú pálí. Mo gbé ìbàdí sún bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí òsì. Ọta márùn-ún tó tẹ̀lé e wọ àárín.